Kọfí àná nínú ife tòní: bí wọ́n ṣe ń yan ẹ̀rọ ìlọkọfí fún ife kan ṣoṣo

Ẹni tó bá ti gbé ẹ̀wà lọ sílé ẹ̀rọ rí á mọ ọ̀rọ̀ yìí: tó bá jẹ́ pé ata ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀ tán níbẹ̀, ẹ̀wà tó máa kọ́kọ́ jáde á ti pọ́n díẹ̀, torí ata ẹni tó ṣáájú ṣì wà nínú ẹ̀rọ. Bí ẹ̀rọ ìlọkọfí náà ṣe ń ṣe nìyẹn, àmọ́ àwọ̀ kọfí àná àti tòní ò yàtọ̀, ẹnu ló máa mọ̀ ọ́n.

Èyí táwọn ṣọ́ọ̀bù kọfí ń lò, wọ́n ṣe é kí kóró máa kún orí ẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀ ni, gíráàmù 2 tàbí 3 tó há sí i lọ́fun ò tó nǹkan níbẹ̀, oníbàárà míì ti ń bọ̀. Nílé ńkọ́? Ẹni tó ń mu ife kan láàárọ̀, gíráàmù 15 sí 18 ló ń wọ̀n, tí 2 bá há nínú 18, ìdá kan nínú mẹ́sàn-án ife yẹn ti di kọfí àná, kọfí tí wọ́n bá sì ti lọ̀, òórùn dáadáa ara ẹ̀ kì í pẹ́ lọ torí atẹ́gùn ti ráyè wọ gbogbo ara ẹ̀. Iye tó ń ṣẹ́kù sínú ẹ̀rọ ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ wò kó tó rà á.

Ibí ló sì ti máa ń tan èèyàn jẹ o. Wọ́n á wọn 18 sínú ẹ̀, 18 á jáde, wọ́n á ní kò sóhun tó há, bẹ́ẹ̀ ó lè jẹ́ 16 tòní àti 2 àná ló para pọ̀. Kí wọ́n tú u, kí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì gbá inú ẹ̀ mọ́ tónítóní, kí wọ́n wá lọ 18 tuntun, ohun tó bá dín nínú ẹ̀ ló há yẹn.

Ohun tó ń mú un há ni kọ́lọ́fín inú ẹ̀rọ, àti iná kékeré tó ń wá bí kóró ṣe ń fọ́, tó ń ha ara ẹ̀, irú iná tó ń jẹ́ kí ọ̀rá lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́ nígbà ọ̀yẹ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kán omi ẹ̀kán kan tàbí méjì sí kóró kí wọ́n tó lọ̀ ọ́. Ìwádìí tí Yunifásítì Oregon l'Amẹ́ríkà gbé jáde lọ́dún 2023 fi hàn pé omi yẹn ń dín iná náà kù lóòótọ́. Àwọn ẹ̀rọ kan tún ní rọ́bà lórí bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ, wọ́n á tẹ̀ ẹ́, atẹ́gùn á gbá èyí tó kù jáde. Kó ní ọmọrí náà, torí kóró díẹ̀ tí ò ní ẹgbẹ́ lórí máa ń ta bíi gúgúrú.

Èyí tó ní abẹ bíi ti bùlẹ́ńdà, kí wọ́n fi sílẹ̀, ṣe ló ń gé kóró wúruwùru, èyí tó kúnná á korò, èyí tó tóbi á kan. Èyí tó dáa ní irin eléyín méjì, ìkan dúró, ìkan ń yí, bí ìyá ọlọ àti ọmọ ọlọ, yálà ó rí pẹlẹbẹ àbí bí òkòtó.

Fún ife kan lóòjọ́, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ yí tó púpọ̀, inú ẹ̀ kéré, nǹkan ò fi bẹ́ẹ̀ há síbẹ̀, tí wọ́n bá múná lọ wọ́n á ṣì mu kọfí. Tó bá jẹ́ espresso ni wọ́n fẹ́, ìyẹn kọfí díẹ̀ tó ki, tí ẹ̀rọ ń fi agbára ti omi gbígbóná gba inú ẹ̀, kí wọ́n rí i dájú pé ó lè lọ̀ ọ́ kúnná gan-an, kí ibi tí wọ́n ti ń yí i sí kíkúnná má sì máa fò jìnnà lẹ́ẹ̀kan.