Ẹ̀yà Ọkọ̀ Àlòkù: Ẹ Dán An Wò Kí Ẹ Tó Sanwó

Màmá kan tí wọ́n jẹ́ olùkọ́ gbé Corolla wọn wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Iléṣà níbí. Jíà ọkọ̀ náà ti ń já. Wọ́n wò mí lójú, wọ́n ní, "Ọmọ mi, tuntun kọjá agbára mi. Ṣé àlòkù ò ní pa mí lẹ́kún báyìí?"

Ìbéèrè yẹn ló mú mi kọ èyí. Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, mo bá oníbàárà kan ra jíà àlòkù láìyẹ ọ́ìlì inú rẹ̀ wò. Kò tó oṣù méjì tí jíà náà fi kú. Ó dùn mí wọra, torí owó tí ọkùnrin náà yá ló fi rà á. Láti ìgbà náà ni mo ti fi òfin kan de ara mi: ohun tí mo bá lè dán wò lójú ẹni tó ń tà á ni mo ń rà ní àlòkù. Èyí tí àìsàn rẹ̀ bá fara pamọ́ sínú, tí kò sí bí a ṣe lè rí i, tuntun ni, bó ti wù kó wọ́n tó.

Ilẹ̀kùn, bọ́ńpà, bọ́nẹ́ẹ̀tì, dígí ẹ̀gbẹ́, iná iwájú, ìjókòó: ẹ má fi owó tuntun ṣòfò lórí wọn. Bí ẹ bá rí èyí tí ọ̀dà rẹ̀ bá ti ọkọ̀ yín mu, owó pẹ́ńtà ti kúrò nílẹ̀ nìyẹn. Kick starter, èyí tó ń ta ẹ́ńjìnì jí, náà ṣeé rà, kí oníṣòwò ṣáà so ó mọ́ bátìrì lójú yín. Alternator, èyí tó ń fún bátìrì níná, ní tirẹ̀, ẹ fọwọ́ yí i, kò gbọdọ̀ máa ké. Tí a bá dè é mọ́ ọkọ̀ tán, tí ẹ́ńjìnì sì ń ṣiṣẹ́, mítà gbọ́dọ̀ ka bíi fólítì 13.5 sí 14.5.

Páàdì bíréèkì, họ́òsì, fáànù bẹ́líìtì àti timing belt (bẹ́líìtì inú ẹ́ńjìnì), tuntun ni. Rọ́bà ń darúgbó kódà bí ọkọ̀ bá dúró sójú kan. Táyà tòkunbọ̀ ló ń bà mí lẹ́rù jù nínú wọn, torí ara rẹ̀ lè máa dán kí ọjọ́ rẹ̀ sì ti lọ. Ẹ wá lẹ́tà DOT lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn níbẹ̀ ni ọjọ́ ìbí rẹ̀: 3519 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 35 ọdún 2019. Èyí tó bá ti lé ní ọdún mẹ́fà, mi ò ní bá yín dè é.

Airbag àlòkù, àpò afẹ́fẹ́ tó ń bú jáde láti gba èèyàn lọ́wọ́ ìjàm̀bá, rárá o. Ilé iṣẹ́ Takata ní Japan ṣe irú kan tí oògùn tó ń mú un bú máa ń bàjẹ́ bí ooru àti ọ̀rinrin bá bá a gbé pẹ́. Bí ó bá bú, irin inú rẹ̀ máa ń fò jáde bí ọta ìbọn. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 67 ni wọ́n pè padà ní Amẹ́ríkà. Ooru àti ọ̀rinrin yẹn kúkú nìyí, àwa là ń gbé inú rẹ̀.

Ẹ́ńjìnì àti jíà ló le jù, torí ibẹ̀ ni owó ńlá wà. Ẹ kọ́kọ́ mọ orúkọ èyí tó wà lára ọkọ̀ yín. Toyota Camry tí à ń pè ní Big Daddy àti èyí tí à ń pè ní Muscle, èyí tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ jẹ́ lítà 2.4, ẹ́ńjìnì 2AZ-FE ló wà nínú méjèèjì. V6, ẹ́ńjìnì oníhò mẹ́fà, kì í ṣe ọmọ ìyá rẹ̀, kò sì ní wọlé. Muscle ọdún 2007 sí 2009 mọ ọ́ìlì í mu, nítorí náà ẹ ní kí mẹkáníìkì yín tú plọ́ọ̀gì kó sì wọn kọ̀ǹpírẹ́ṣàn (agbára ìfúnpọ̀ afẹ́fẹ́) ihò kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí mẹ́ta bá sún mọ́ ara wọn tí ọ̀kan wá já sílẹ̀ pátápátá, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ń bu ọ́ìlì sí: bí ẹ bá rí ohun tó funfun bí ọ̀gì lábẹ́ rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí omi ti wọ inú ọ́ìlì, ẹ má rà á.

Ti jíà, ẹ mú áńkáṣíìfù funfun dání. Ọ́ìlì jíà pupa ni, pàápàá ti àwọn Toyota wọ̀nyí. Bí ó bá ti dúdú, tó ń rùn bí ohun tó jóná, jíà náà ti jìyà tó. Ẹ gbé ti àtijọ́ dání lọ sọ́jà pẹ̀lú, kí ẹ fi wọ́n wé ara wọn. Kí ẹ sì gba ìwé tí wọ́n kọ iye ọjọ́ tí ẹ ó fi dán an wò sí. Àwọn bàbá wa Òṣómàálò, àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà àtijọ́, kì í dìde níwájú ẹni tó jẹ wọ́n lówó títí owó yóò fi jáde. Ẹ jókòó ti oníṣòwò bẹ́ẹ̀ títí yóò fi kọ ọ́. Ìwé yẹn náà ni ẹ ó fi hàn bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé ẹrù olè ni.

Ní ti odidi ọkọ̀ tó ti ní ìjàm̀bá: ní Amẹ́ríkà, bí owó àtúnṣe bá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iye ọkọ̀, iléeṣẹ́ ìbánigbófò á sanwó fún ẹni tó ni ín, wọ́n á sì tà á ní gbàǹjo, irú ti Copart. Àwọn ará wa ń rà á níbẹ̀, wọ́n ń tún un ṣe, wọ́n á ní tòkunbọ̀ tó mọ́ ni. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló burú. Èyí tí wọ́n gbá lẹ́yìn, tí airbag rẹ̀ kò bú, lè pa owó mọ́ fún yín gan-an. Èyí tí omi mù ni kí ẹ sá fún. Ìjì Harvey rì ọ̀pọ̀ ọkọ̀ sómi ní Houston ní oṣù kẹjọ ọdún 2017, irú wọn sì lè dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde dé òpin, torí ẹni tó fọ ọkọ̀ kì í sábà rántí ibẹ̀, ẹrẹ̀ á ṣì wà lára rẹ̀. Ẹ gbé kápẹ́ẹ̀tì, ẹ wo ìdí ìjókòó bóyá ó ti dípẹtà. Ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́: iná airbag gbọ́dọ̀ tàn díẹ̀ kó tó kú. Bí kò bá tàn rárá, ẹnì kan ti pa á mọ́ fún yín.

Nọ́ńbà VIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀ tó jẹ́ àmì 17, wà lábẹ́ gíláàsì iwájú àti ní ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn awakọ̀. Méjèèjì gbọ́dọ̀ dọ́gba. Kò sí lẹ́tà I, O tàbí Q nínú rẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sí Google; nígbà mìíràn, àwòrán ọkọ̀ náà bó ṣe rí ní gbàǹjo á jáde.

Ní ti màmá, ọjà ẹ̀yà ọkọ̀ ní Gate ní Ìbàdàn la lọ. A ṣí jíà mẹ́ta, ọ́ìlì ẹ̀kẹta ló pupa. Ọjọ́ méje ni oníṣòwò kọ fún wa láti fi dán an wò. Lọ́jọ́ kẹfà, mo bá wọn wa ọkọ̀ náà gba Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà lọ sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, torí òkè ọ̀nà ibẹ̀ ni jíà tó ń ṣàìsàn ti máa ń jẹ́wọ́. Ó gun òkè náà láìjá lẹ́ẹ̀kan.