Ojú Ti Yó, Ikùn Ò Tíì Jẹ: Ìbéèrè àti Ìdáhùn lórí Ètò Oúnjẹ àti Wáìnì Orí Tẹlifíṣọ̀n

Ní Àkúrẹ́ níbí, ẹ jókòó ti obìnrin mẹ́ta ní ṣọ́ọ̀bù onídìrí, kí tẹlifíṣọ̀n ara ògiri máa ṣe ètò oúnjẹ lọ, àríyànjiyàn ti dé nìyẹn. Ọ̀kan á ní ètò náà dùn. Ìkejì á ní ariwo lásán ni, wọn ò kọ́ èèyàn ní nǹkan kan. Ìkẹta á ní àwọn tó ń gbé gíláàsì wáìnì símú yẹn, irọ́ ni wọ́n ń pa. Ìbéèrè tí mo ń gbọ́ lẹ́nu àwọn òǹwòran jù lọ ni mo kó jọ síbí.

Ẹ̀gbọ́n, ṣé òótọ́ ni pé ètò oúnjẹ ayé àtijọ́ dára ju ti ìsinsìnyí lọ?

Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ti àtijọ́, olùkọ́ ni. Lọ́dún 1963, obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, Julia Child, bẹ̀rẹ̀ ètò The French Chef ní iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan ní Boston. Nǹkan bí ìdajì wákàtí ni, oúnjẹ kan ló sì sábà máa ń gbájú mọ́ títí ètò á fi parí. Owó ò pọ̀ lọ́wọ́ wọn, nítorí náà wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ dá kámẹ́rà dúró. Lọ́jọ́ kan tó fẹ́ yí pọ̀tétò inú páànù padà, ó jù ú sókè, apá kan sì já sórí sítóòfù. Ó ṣà á padà sínú páànù, ó ní bó bá jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló wà ní ilé ìdáná, ta ló máa rí i. Àwọn tó ń wò ó nílé rí i kedere. Lójú tèmi, ẹ̀kọ́ tó dára jù nínú ètò ọjọ́ náà nìyẹn, torí wọ́n rí bí nǹkan ṣe ń bàjẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe, wọ́n sì rí bó ṣe tún un ṣe.

Ti ìsinsìnyí, ìdíje ló pọ̀ jù níbẹ̀. MasterChef bẹ̀rẹ̀ lórí BBC lọ́dún 1990. Ní November 1993, Food Network dé ní Amẹ́ríkà, odidi tẹlifíṣọ̀n tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ oúnjẹ nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀. Tọ̀sán-tòru ti pọ̀ jù fún ẹni tó kàn fẹ́ kọ́ èèyàn bí wọ́n ṣe ń gé àlùbọ́sà, ẹ gbọ́dọ̀ wá nǹkan míì fi kún un: aago tó ń ka ìṣẹ́jú, ẹni tó ń sunkún, adájọ́ tó ń wo èèyàn látòkè délẹ̀. Ọ̀dọ̀ tiwa náà ò yàtọ̀. Ẹni tó bá dàgbà díẹ̀ á rántí Maggi Kitchen lórí NTA. Nígbà tó yá, Knorr Taste Quest dé, ìdíje nìyẹn.

Lóṣù May 2023, Hilda Baci dáná l'Ékòó, Guinness World Records sì ka wákàtí 93 àti ìṣẹ́jú 11 fún un. Àwọn kan ò sùn ní Àkúrẹ́ níbí torí ẹ̀, fóònù ò kúrò lọ́wọ́ wọn. Ẹ bi wọ́n léèrè oúnjẹ tí wọ́n kọ́ níbẹ̀. Kò sí, kò sì sóhun tó burú nínú ìyẹn. Ẹni tó lọ wo bọ́ọ̀lù kì í bínú pé wọn ò kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń gbá pẹnáritì. Àwọn tí mo bá ń jà ni àwọn tó ní àwọn fẹ́ kọ́ni, tí wọn ò wá kọ́ni.

Mo tẹ̀lé gbogbo ohun tí wọ́n ṣe, ọbẹ̀ mi ò jọ tiwọn. Kí ló ṣẹlẹ̀?

Ibi tí ọbẹ̀ ti ń di ọbẹ̀ gan-an ni wọ́n gé dànù. Ẹ jẹ́ ká mú ọbẹ̀ ata lásán. Lórí tẹlifíṣọ̀n, ata lílọ̀ wọnú epo gbígbóná, ó dún ṣàà, wọ́n yí kámẹ́rà sí ẹ̀rín ẹni tó ń dáná, nígbà tí wọ́n á fi yí i padà, ọbẹ̀ ti jinná.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dúró ti ìkòkò rí mọ ohun tó wà láàárín méjèèjì. Ata tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹnu ẹ̀rọ bọ̀ kún fún omi. Ó máa kọ́kọ́ hó, á máa ta sára ògiri àti sí ọrùn ọwọ́ yín, òórùn tìmátì tútù lá sì máa rùn. Omi á máa gbẹ díẹ̀díẹ̀. Ìró rẹ̀ á yí padà, híhó tó rinlẹ̀ á di títa pàrà-pàrà. Àwọ̀ rẹ̀ á ṣókùnkùn díẹ̀, bí ẹ ò bá sì rò ó, ìdí ìkòkò ló máa lẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà ni epo á ya kúrò lára ata, á léfòó sí ẹ̀gbẹ́ ìkòkò. Tìmátì tó lómi lára lè gbà ju ìdajì wákàtí lọ kó tó débẹ̀. Ẹni tó bá da omi ẹran sí i kí epo tó léfòó, kíkan ni ọbẹ̀ náà máa kan, kò sí iye iyọ̀ tàbí magí tó lè gbà á sílẹ̀.

Lórí ètò, gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí ò ju ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lọ. Wọn ò fi tàn yín jẹ: wọ́n ti se ìkòkò kejì sílẹ̀ kí ètò tó bẹ̀rẹ̀, òun ni wọ́n ń gbé jáde. Julia Child náà ń ṣe é. Ṣùgbọ́n olùkọ́ gidi á dá yín dúró níbi tí epo ti ń ya, á ní kí ẹ sún mọ́ ọn wò. Bí mo bá fẹ́ mọ̀ bóyá ètò kan dára, ibẹ̀ ni mò ń wò. Mi ò wo bí sítúdíò ṣe mọ́lẹ̀ tó, mi ò sì wo aṣọ funfun tí wọ́n wọ̀.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n náà wà níbẹ̀. Wọ́n á ní gíráàmù 250. Kóńgò àti agolo mílíìkì la fi ń ra nǹkan ní Ọjà Ọba.

Ṣé oúnjẹ tí wọ́n ń fi hàn wá, oúnjẹ gidi ni?

Nínú ìpolówó ọjà, ẹ má gbọ́kàn lé e. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé títún oúnjẹ ṣe fún kámẹ́rà niṣẹ́ wọn: wọ́n á fi búrọ́ọ̀ṣì kun epo sára ẹran kó lè máa dán, wọ́n á fọ́n gílísárìnì sára ewébẹ̀ kó dà bíi pé ìrì sẹ̀ sí i, ẹ̀fọ́ ò sì ní jinná tán kí àwọ̀ rẹ̀ má bàa ṣá. Nínú ètò gangan, oúnjẹ gidi ló sábà máa ń jẹ́, àmọ́ ó ti tutù. Kí kámẹ́rà tó ya gbogbo àwo tán nínú ìdíje ńlá, ó ti pẹ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn adájọ́ fi ń fi ṣíbí tọ́ ọ wò kiri nígbà tí wọ́n ṣì ń sè é lọ́wọ́. Iyán tó bá fi wákàtí kan dúró de adájọ́, ẹ bá mi wá máàkì tó máa gbà.

Kí ló dé tí itọ́ fi ń dà lẹ́nu mi nígbà tí mi ò gbóòórùn ohunkóhun?

Etí yín ló ń jẹun. Ní 2004, Massimiliano Zampini àti Charles Spence ti Yunifásítì Oxford tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n gbé ohun ìgbọ́ròó sí àwọn èèyàn létí, wọ́n ní kí wọ́n máa bu Pringles, ìpékeré pọ̀tétò inú agolo yẹn, jẹ. Nígbà tí wọ́n bá mú kí ìró jíjẹ náà lọ sókè, àwọn èèyàn á ní èyí le dáadáa, ó sì jọ tuntun, bẹ́ẹ̀ bákan náà ni gbogbo rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe ètò oúnjẹ mọ àṣírí yìí, ẹ̀bá páànù ni wọ́n ń gbé makirofóònù sí.

Àwọn tó ń tọ́ wáìnì wò, tí wọ́n á ka orúkọ èso mẹ́wàá, ṣé kì í ṣe pé wọ́n ń parọ́ fún wa?

Wọn ò parọ́, ṣùgbọ́n ojú wọn ń bá ahọ́n wọn ṣiṣẹ́ ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Ní 2001, Gil Morrot, Frédéric Brochet àti Denis Dubourdieu sọ ohun tí wọ́n rí ní Bordeaux, nílẹ̀ Faransé. Wọ́n fún akẹ́kọ̀ọ́ 54 tó ń kọ́ṣẹ́ wáìnì ní wáìnì funfun tí wọ́n ti pa láró pupa. Aró náà ò ní òórùn kankan. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń júwe wáìnì pupa ni àwọn ọmọ náà fi ń júwe rẹ̀. Ní 2008, Robert Hodgson, tí òun fúnra rẹ̀ ń ṣe wáìnì ní California, tẹ tirẹ̀ jáde: wọ́n bu wáìnì inú ìgò kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta fún àwọn adájọ́ ìdíje, wọn ò sọ fún wọn. Nǹkan bí ẹyọ kan nínú mẹ́wàá àwọn adájọ́ ni máàkì wọn sún mọ́ra.

Ẹ má tíì fi wọ́n rẹ́rìn-ín o. Ẹ di ẹlẹ́mu kan lójú ní ọ̀nà Ìdànrè, kí ẹ gbé ẹmu àárọ̀ àti ẹmu àná fún un, á yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹmu tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sọ̀ kalẹ̀ dùn. Ìwúkàrà inú rẹ̀ ń jẹ ṣúgà rẹ̀ láti wákàtí dé wákàtí, ó ń di ọtí, tó bá di ọjọ́ kejì, ó ti kan. Ohun kan náà ló ń sọ omi àjàrà di wáìnì, àfi pé wáìnì le ju ẹmu lọ, ìdá 12 sí 14 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ló sábà máa ń jẹ́ ọtí, ó sì lè pẹ́ nínú ìgò.

Ohun tó ń mú ètò wáìnì sú òǹwòran ni pé ojú ò rí nǹkan kan níbẹ̀. Ọkùnrin kan mu, ó gbé e mì, ó sọ̀rọ̀. BBC gbìyànjú: lórí Food and Drink, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1982, ẹnu Jilly Goolden àti Oz Clarke, àwọn tó ń tọ́ wáìnì wò níbẹ̀, ló dùn, àwọn èèyàn ń tìtorí ọ̀rọ̀ wọn wò ó. Ní 2006, Gary Vaynerchuk, oníṣòwò wáìnì kan ní Amẹ́ríkà, gbé tirẹ̀ gba orí íntánẹ́ẹ̀tì: tábìlì kan, ìgò mélòó kan, korobá ìtutọ́. Mo fara mọ́ ètò tí Jancis Robinson, obìnrin tó ń kọ̀wé lórí wáìnì, ṣe ní 1995 ju gbogbo wọn lọ, torí ó mú òǹwòran wọnú oko àjàrà. Ẹni tó bá ti rí bí àgbẹ̀ Ìdànrè ṣe ń kó kòkó tútù jọ sábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún ọjọ́ 5 tàbí 6, tó ń gbóná, tí òórùn rẹ̀ ń yí padà lójoojúmọ́, mọ̀ pé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣeé wò.

Kí ló wá dé tí oúnjẹ tiwa kì í fi í dára lójú tẹlifíṣọ̀n?

Àwọn kan dára níbẹ̀. Ẹran ewúrẹ́ lórí ẹyin iná, ọ̀rá tó ń kán sínú èédú, èéfín, ata rodo àti àlùbọ́sà: kámẹ́rà fẹ́ràn àsun Oǹdó bí àwọn tó ń jẹ ẹ́ ṣe fẹ́ràn rẹ̀.

Ọbẹ̀ marúgbó ni wàhálà. Àwọn Ìlàjẹ àti Ìkálẹ̀ ló mọ̀ ọ́n sè jù, dúdú ni, ewé tí wọ́n fi ń sè é ló sì fún un ní àwọ̀ yẹn. Ẹ gbé e sínú àwo lábẹ́ iná sítúdíò, òkùnkùn nìkan ni kámẹ́rà máa rí. Ẹni tó ń darí ètò á ní kí wọ́n gé tàtàṣé lé e lórí kó lè láwọ̀. Tàtàṣé lórí marúgbó! Ẹni tó bá dán an wò ní Òkìtìpupa, kó má dúró gbọ́ èsì. Púpurú tí wọ́n fi ń jẹ ẹ́ náà, rìbìtì ẹ̀gẹ́ tí wọ́n yá lórí iná títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi dúdú, ó burú lójú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n.

Ọ̀nà àbáyọ rẹ̀ ò le. Kí wọ́n gbé iná sí ẹ̀gbẹ́ dípò òkè orí, ọ̀rá ojú ọbẹ̀ á gbé ìmọ́lẹ̀, ẹja inú rẹ̀ á hàn. Kí wọ́n sì fi kámẹ́rà sílẹ̀ lójú ọwọ́ ìyá tó ń ha èèpo dúdú ara púpurú, kí wọ́n má gé e, títí ìyẹ̀fun funfun inú rẹ̀ á fi jáde tí omi gbígbóná á fi bá a. Orin tí wọ́n máa ń fi sábẹ́ rẹ̀ yẹn, kí wọ́n bá wa yọ ọ́.