Knockalisheen: Ibi Tí Ètò Ilé Ìsádi Ní Írẹ́lándì Ti Ṣẹ̀ Wá

Bí a bá béèrè lọ́wọ́ àwọn èèyàn wa tó wà ní Írẹ́lándì ìgbà tí ìjọba ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn tó ń tọrọ ibi ìsádi sínú hostel, ọdún 2000 ni wọ́n máa ń dá. Lóòótọ́, ọjọ́ 10 oṣù Kẹrin ọdún náà ni ètò tí wọ́n ń pè ní Direct Provision gbéra: ibùsùn, oúnjẹ ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́, àti pọ́n-ùn 15 lọ́sẹ̀ fún àgbàlagbà, ìdajì rẹ̀ fún ọmọdé. N kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ọjọ́ yẹn. Ohun tí mo ń sọ ni pé wọ́n ti bí ọmọ yìí tipẹ́tipẹ́ kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ. Inú àgọ́ ṣọ́jà kan lẹ́bàá Limerick ni wọ́n bí i sí, ní ọdún 1956, àwọn òbí rẹ̀ sì ti wà nílẹ̀ ṣáájú ìgbà yẹn.

Ọdún 1838 ni ìjọba London, tí Írẹ́lándì wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà náà, ṣe òfin lórí àwọn òtòṣì ibẹ̀. Wọ́n pín gbogbo erékùṣù náà sí agbègbè-agbègbè, wọ́n sì kọ́ ilé ńlá kan sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí àwọn ilé náà fi di 163. Ẹni tí ebi ń pa kò lè jókòó sílé ara rẹ̀ kí wọ́n gbé oúnjẹ wá bá a. Dandan ni kó wọ inú ilé náà lọ. Bí ìdílé bá sì wọlé, wọn a ya bàbá sọ́tọ̀, wọn a ya ìyá sọ́tọ̀, wọn a kó àwọn ọmọ sí ibòmíràn. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ibẹ̀ le ni, kí ẹni tó bá ní ọ̀nà mìíràn má baà yà síbẹ̀. Ìyàn ńlá tó bẹ̀rẹ̀ ní 1845 ti pa èèyàn lọ bẹẹrẹbẹ kí wọ́n tó gbà, ní 1847, pé wọ́n lè fún aláìní lóúnjẹ láìjẹ́ pé ó wọlé.

Mo gbà pé èrò inú òfin yẹn kò bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì lọ nígbà tí wọ́n kúrò. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé bí ìjọba tuntun ṣe jogún àwọn ilé náà, bẹ́ẹ̀ ló jogún àṣà wọn: inú ọgbà ni ìrànwọ́ ti ń wá, ẹni tó bá sì fẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ fi yíyàn tirẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí wọ́n ń ṣe nígbà yẹn tó ń dùn mí pé kò tẹ̀ lé àṣà náà dé òde òní. Àwọn alábòójútó ilé òtòṣì máa ń ṣe ìpàdé déédéé, wọ́n sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ iye oúnjẹ tí wọ́n rà, iye owó tó ná wọn, iye èèyàn tó wọlé àti iye tó kú. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìwé náà ṣì wà ní àwọn ilé ìkówèésí Írẹ́lándì títí di òní. Ilé ìkà ni, àmọ́ ẹni tó ń san owó orí lè mọ ibi tí owó rẹ̀ gbà lọ.

Ojú tó ń ṣọ́ owó ìlú náà kì í ṣe àjèjì. Ọdún 1861 ni Gladstone, mínísítà ìṣúná London nígbà náà, jẹ́ kí ilé aṣòfin London dá ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ìnáwó ìjọba wò sílẹ̀, òfin 1866 sì fi àgbà aṣàyẹ̀wò owó kún un. Nígbà tí Írẹ́lándì gba òmìnira, ó dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1923, ìwé òfin ilẹ̀ wọn ti 1937 sì fi ipò náà sí abala 33. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n ṣí àgọ́ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, kò sẹ́ni tó lè sọ pé òun kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣírò owó ìlú.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1956, ọkọ̀ ogun Sófíẹ̀tì wọ Budapest, àwọn ará Húngárì sì tú jáde. Írẹ́lándì kò tíì pé ọdún kan nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé nígbà náà. Ọjọ́ 29 oṣù yẹn gan-an ló fọwọ́ sí àdéhùn àgbáyé lórí ọ̀rọ̀ ogúnléndé. Àwọn ogúnléndé bíi 500 àti díẹ̀ ni wọ́n gbà, wọ́n sì kó wọn lọ sí Knockalisheen, àgọ́ ṣọ́jà onílé pákó ní ààlà Clare àti Limerick. Ẹgbẹ́ Red Cross ibẹ̀ ni wọ́n fà á lé lọ́wọ́. Wọ́n ń bọ́ wọn, wọ́n ń wọ̀ wọ́n láṣọ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò sí. Àwọn ọmọ Írẹ́lándì fúnra wọn ń wọkọ̀ ojú omi lọ wáṣẹ́ kiri, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ kí àlejò wá bá wọn du ìwọ̀nba tó kù. Bí òtútù ṣe ń mú, tí ọjọ́ ń lọ, tí ẹnikẹ́ni kò sọ ìgbà tí wọn yóò jáde, àwọn ará Húngárì yìí fi oúnjẹ sílẹ̀ ní ìgbà ìrúwé 1957, wọ́n ní àwọn kò jẹ mọ́ àfi kí wọ́n jẹ́ káwọn lọ. Ọ̀pọ̀ jùlọ wọn ló padà kọjá sí Kánádà àti àwọn ilẹ̀ mìíràn.

Ẹ wo bó ṣe rí: ibi tó jìnnà sí àárín ìlú, ẹlòmíràn tó ń bá ìjọba ṣàkóso rẹ̀, oúnjẹ láìsí iṣẹ́, àti ìdúró tí kò lọ́jọ́. Kí ló kù tí wọ́n fi kún un ní 2000? Owó ìná kékeré nìkan ni. Ẹni tó bá sì rò pé mo ń sọ àsọdùn, kó lọ wo orúkọ àwọn ilé tí Direct Provision lò: Knockalisheen tún wà níbẹ̀. Àwọn kan ń sọ pé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti wo ètò náà kọ́, torí òfin tí London ṣe ní 1999. Wọ́n wo aládùúgbò lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ti ní àpẹẹrẹ nílé kò nílò kó yá ti ẹlòmíràn.

Èèyàn 39 péré ló tọrọ ibi ìsádi ní Írẹ́lándì ní 1992. Ní 2002, wọ́n di 11,634, Nàìjíríà ló sì ṣíwájú. Ibí ni ọ̀rọ̀ jíjẹ́ ọmọ ìlú ti wọ̀ ọ́, àwa gan-an la sì wà nídìí ẹ̀. Ẹjọ́ Fajujonu, tí ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ dá ní òpin ọdún 1989, jẹ́ ti bàbá ọmọ Nàìjíríà kan, ìyàwó rẹ̀ ọmọ Mòrókò, àti àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí Írẹ́lándì. Ẹjọ́ yìí ló jẹ́ kí wọ́n máa fún òbí ọmọ tí a bí síbẹ̀ láyè láti dúró. Inú mi dùn pé orúkọ tiwa ló wà lórí ìdájọ́ tó ṣí ilẹ̀kùn fún ọ̀pọ̀ ìdílé. Ní oṣù Kìíní 2003, ilé ẹjọ́ kan náà ti ilẹ̀kùn ọ̀hún. Ọjọ́ 11 oṣù Kẹfà 2004, nígbà tí Michael McDowell jẹ́ mínísítà ètò ìdájọ́, ará ìlú dìbò, ó lé ní ìdá 79 nínú ọgọ́rùn-ún tó ní kí wọ́n yí ìwé òfin ilẹ̀ padà. Láti ọjọ́ kìíní ọdún 2005, bíbí ọmọ sórí ilẹ̀ náà kò tó mọ́ láti sọ ọ́ di ọmọ ibẹ̀. Wọ́n fún nǹkan bí òbí 17,000 tí wọ́n ti bímọ ṣáájú òfin náà níwèé ìgbé. Àwọn tó dé lẹ́yìn wọn jókòó sí hostel, àwọn ọmọ wọn sì dàgbà níbẹ̀.

Kì í ṣe ìjọba fúnra rẹ̀ ló ń ṣàkóso gbogbo àwọn ilé Direct Provision náà. Agbaṣẹ́ṣe aládàáni ló gba púpọ̀ nínú wọn, bíi ọgbà ìsinmi Butlin's àtijọ́ ní Mosney. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí ẹnì kan bá béèrè iye tí ilé kan ń gbà, èsì tó ń rí ni pé àṣírí òwò ni. Ohun tí wọ́n ń kọ sílẹ̀ nípa àwọn òtòṣì ní ayé ìyàn, wọn kò jẹ́ kí ẹni tó ń san owó orí lóde òní rí i. Yúrò 19.10 ni àgbàlagbà ń gbà lọ́sẹ̀ títí di 2017. Ọdún yẹn ni ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ sọ pé kíkọ̀ tí òfin kọ̀ pátápátá kí wọ́n ṣiṣẹ́ kò bá ìwé òfin ilẹ̀ mu, lórí ẹjọ́ ọkùnrin kan láti Burma tó ti lo ju ọdún mẹ́jọ lọ nínú ètò náà. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n tó jẹ́ kí àwọn tó ń gbé hostel lè fi ẹjọ́ sun Ombudsman, ìyẹn òṣìṣẹ́ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn ará ìlú lórí iṣẹ́ ìjọba.

Ní oṣù Kejì 2021, ìjọba ṣèlérí pé àwọn yóò fòpin sí Direct Provision nígbà tí 2024 bá parí. Ogun Ukraine dé ní 2022, ìlérí náà kò ṣẹ, iye tí wọ́n ná lórí ibùgbé ní 2024 sì tó bílíọ̀nù yúrò kan. Oṣù Kìíní ọdún yẹn ni HIQA, àjọ ìjọba tó ń yẹ ilé ìtọ́jú wò, ṣẹ̀ṣẹ̀ gba agbára láti máa yẹ àwọn ilé náà wò. Àwọn ilé tó wà fún ìgbà pípẹ́ nìkan ni agbára yẹn dé. Kò dé àwọn hòtẹ́ẹ̀lì àti ilé pàjáwìrì, níbi tí èyí tó pọ̀ jùlọ nínú àwọn èèyàn náà ń sùn.