Bí a ṣe ń fi okùn fa ọkọ̀ tó kú

Bí a bá fi okùn fa ọkọ̀ tó kú, ọ̀dọ̀ awakọ̀ ẹ̀yìn ni iṣẹ́ pọ̀ sí jù. Agbára fífà tí ẹ́ńjìnì ń fa afẹ́fẹ́ ló ń bá ẹsẹ̀ tẹ búréèkì. Bí ẹ́ńjìnì bá ti kú, ìtẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta àkọ́kọ́ ṣì lè rọ̀, lẹ́yìn náà á le gbagidi, àfi kéèyàn fi gbogbo agbára tẹ̀ ẹ́. Sìtíárìn náà á wúwo. Kọ́kọ́rọ́ gbọ́dọ̀ wà nínú ọkọ̀, kí wọ́n sì yí i sí ON, torí sìtíárìn lè há mọ́ ojú kan ní kọ́nà bí wọ́n bá yọ ọ́.

Jíà ló yẹ ká wò kí a tó mú okùn rárá. Ọkọ̀ tí a ń fọwọ́ yí jíà rẹ̀ kò ní wàhálà, fíríì ti tó. Ti ọ̀tọ́mátíìkì yàtọ̀: ẹ́ńjìnì ló ń yí pọ́ǹpù tó ń gbé ọ́ìlì káàkiri inú jíàbọ́ọ̀sì. Bí táyà bá ń yí tí ẹ́ńjìnì kò ṣiṣẹ́, irin á máa ha irin, fíríì kò sì ní kó má ṣẹlẹ̀. Ìwé tó bá ọkọ̀ wá ló ń sọ òdiwọ̀n. Àwọn kan gba kìlómítà 50 lórí eré kìlómítà 50 ní wákàtí kan, àwọn mìíràn kò gbà rárá. Èyí tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ ń fà, kí wọ́n gbé e sórí ọkọ̀ mìíràn ni.

Inú bùútù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ jáàkì, ni ìkọ́ fífà tí a ń so okùn mọ́ sábà máa ń wà. A ó ṣí ìdérí kékeré ara bọ́ńpà, a ó sì fi sípánà yí ìkọ́ náà wọlé dé òpin. Ti ọkọ̀ mìíràn, apá òsì là ń yí i sí. Okùn kò gbọdọ̀ kan bọ́ńpà tàbí irin sìtíárìn.

Okùn náílọ́ọ̀nù tó tó mítà mẹ́rin dára, torí ó ń fà gùn díẹ̀. Ṣéènì kì í fà gùn, gbogbo ìjá rẹ̀ ń bọ́ sórí ìkọ́ ni. Ká so aṣọ pupa mọ́ àárín okùn, kí ẹnikẹ́ni má sì dúró nítòsí rẹ̀ nígbà tó bá le.

Jíà kìíní ni ọkọ̀ iwájú á fi rọra lọ títí okùn á fi le, kó tó gbéra. Awakọ̀ ẹ̀yìn á máa fi búréèkì díẹ̀díẹ̀ dì í mú kó má dẹ̀, pàápàá níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Okùn tó bá dẹ̀ á wọ abẹ́ táyà, bí ọkọ̀ iwájú bá sì tún fà, ó já nìyẹn.

Ọkọ̀ tí búréèkì rẹ̀ kò mú, a kì í fi okùn fà á.