Kí ló dé tí orúkọ olówó fi wà lára áńbúláǹsì ogun?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, mo rí fọ́tò áńbúláǹsì Ogun Àgbáyé Kìíní, 1914 sí 1918, orúkọ yunifásítì ni wọ́n kọ sára ẹ̀. Ṣé yunifásítì náà ń jagun ni?

Ìdáhùn: Rárá o, àbúrò mi. Àwọn èèyàn yunifásítì náà ló dáwó ra mọ́tò náà. Amẹ́ríkà ò tíì wọ ogun yẹn títí di 1917, àmọ́ látọdún 1914 làwọn ará Amẹ́ríkà tó wà ní Faransé ti ṣí ọsibítù sí Neuilly lẹ́bàá Paris, ibẹ̀ ni iṣẹ́ áńbúláǹsì yìí ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó di 1915, A. Piatt Andrew, ará Amẹ́ríkà tó ń darí àwọn awakọ̀ náà, lọ bẹ àwọn ọ̀gá sójà Faransé pé kí wọ́n jẹ́ káwọn awakọ̀ òun sún mọ́ ojú ogun gan-an, wọ́n gbà, bí American Field Service, ẹgbẹ́ awakọ̀ áńbúláǹsì àwọn ará Amẹ́ríkà, ṣe dìde nìyẹn. Henry Sleeper, ọ̀rẹ́ Andrew, ló ń wá owó kiri ní Boston ní Amẹ́ríkà, ẹni tó bá ra mọ́tò, wọ́n á kọ orúkọ ẹ̀ sára ẹ̀.

Ìbéèrè: Kí ló dé tó jẹ́ mọ́tò Ford kékeré tó wà nínú fọ́tò yẹn ni wọ́n rà?

Ìdáhùn: Ó fúyẹ́! Tó bá rì sínú ẹrọ̀fọ̀, ọkùnrin bíi mélòó kan á gbé e jáde. Láwọn òkè Vosges ní Faransé, ìbaaka ló ń gbé àwọn tó fara gbọgbẹ́ sọ̀kalẹ̀ tẹ́lẹ̀, ọ̀nà ibẹ̀ tóóró, ó sì ga, ẹni tó bá ti wakọ̀ gun òkè Ẹ̀fọ̀n Alààyè lásìkò òjò á mọ ohun tí mò ń sọ. Ford gùn ún. Èèyàn mẹ́ta ló lè gbé ní ìdùbúlẹ̀.

Ìbéèrè: Àwọn awakọ̀ ńkọ́, ta ló ń sanwó wọn?

Ìdáhùn: Wọn ò gba owó oṣù bíi tiwa yìí, ọ̀pọ̀ wọn ló fowó ara wọn wọkọ̀ ojú omi lọ, ọmọ yunifásítì ló pọ̀ nínú wọn. Èyí ló máa ń dùn mí jù, torí a máa ń rántí orúkọ tó wà lára mọ́tò, a kì í béèrè ẹni tó wà nídìí ẹ̀. Richard Hall, tó lọ sílé ẹ̀kọ́ gíga Dartmouth ní Amẹ́ríkà, ìbọn ńlá ló pa á nídìí ọkọ̀ ní òkè Vosges lásìkò Kérésìmesì 1915, ọmọdé ṣì ni.

Ìbéèrè: Báwo ló ṣe parí?

Ìdáhùn: Nígbà tí Amẹ́ríkà wọ ogun ní 1917, sójà Amẹ́ríkà gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn. Àmọ́ American Field Service ò tú ká, ogun parí tán ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ síí fi ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ Faransé, nígbà tó sì di 1947 wọ́n ti ń gba àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì láti ilẹ̀ òkèèrè sílé àwọn ará Amẹ́ríkà.