"LPN lásán": ta ni nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ lóru?

Bí ọmọ Yorùbá kan ní Houston tàbí Maryland, ní Amẹ́ríkà, bá sọ fún àwọn ará ilé pé òun ti yege ìdánwò LPN (licensed practical nurse), àfàìmọ̀ kí ẹnì kan má béèrè pé, "Ìgbà wo lo wá fẹ́ di nọ́ọ̀sì gan-an?" Wọ́n gbà pé LPN kì í ṣe nọ́ọ̀sì, pé olùrànlọ́wọ́ lásán ni. Lójú tèmi, Nàìjíríà la ti gbé èrò yìí wá. Nílé, ẹni tí à ń pè ní auxiliary ni ọmọbìnrin tí ọsibítù aládàáni kan gbà síṣẹ́, tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń gún abẹ́rẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, tí orúkọ rẹ̀ kò sì sí lọ́dọ̀ àjọ tó ń forúkọ àwọn nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá wá gbọ́ pé ẹ̀kọ́ LPN kò ju bí ọdún kan lọ, wọ́n á ní kò sí ìyàtọ̀.

Ìyàtọ̀ wà o. Ilé ẹ̀kọ́ tí ìpínlẹ̀ fọwọ́ sí ni LPN ti ń jáde, yóò sì ṣe NCLEX-PN, ìdánwò orí kọ̀ǹpútà tí ìbéèrè rẹ̀ kì í dín ní 85, tó sì lè dé 150. Bó bá yege ni ìgbìmọ̀ nọ́ọ̀sì ìpínlẹ̀ á tó fún un ní láísẹ́ǹsì. (Ní Texas àti California, LVN ni wọ́n ń pè é. Iṣẹ́ kan náà ni.) Bó bá ṣi oògùn fún aláìsàn, ìgbìmọ̀ yẹn kan náà lè gba láísẹ́ǹsì lọ́wọ́ rẹ̀. Ta ló ń gba láísẹ́ǹsì nọ́ọ̀sì lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe nọ́ọ̀sì?

Ààlà wà lóòótọ́. Abẹ́ RN (registered nurse, nọ́ọ̀sì tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ju ti LPN lọ) tàbí dókítà ló ti ń ṣiṣẹ́, RN ló sì ń ṣètò ìtọ́jú aláìsàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ní ti oògùn tó ń gba inú iṣan wọlé, ìpínlẹ̀ kan á gbà á láàyè lẹ́yìn ẹ̀kọ́ àfikún, òmíràn á dín in kù gan-an.

Àmọ́ ẹ lọ wo ilé ìtọ́jú arúgbó, níbi tí LPN pọ̀ sí jù. Òfin ìjọba àpapọ̀ tó jáde lọ́dún 1987 ní kí nọ́ọ̀sì tó ní láísẹ́ǹsì wà níbẹ̀ tọ̀sán-tòru, ṣùgbọ́n wákàtí 8 lójúmọ́ péré ló fi dandan lé fún RN. Wákàtí 16 tó kù ńkọ́? Òfin gbà kó jẹ́ LPN ló máa wà níbẹ̀, òun náà ló sì ń wà níbẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ilé. Bí àsìkò àtipààrọ̀ iṣẹ́ bá tó, òun àti ẹni tó fẹ́ lọ sílé á dúró ti kẹ̀kẹ́ oògùn, wọ́n á ṣí àpótí tí wọ́n tì pa, wọ́n á ka oògùn apàrora tó le ní hóró kọ̀ọ̀kan, wọ́n á wò ó bóyá ó bá iye inú ìwé mu, àwọn méjèèjì á buwọ́ lù ú, kí kọ́kọ́rọ́ tó kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹnì kejì. Bí hóró kan bá dín, kò sẹ́ni tó ń lọ sílé. Lẹ́yìn ìyẹn ló kan yíyẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wò, insulin, egbò dídì, àti màmá tó ṣubú ní balùwẹ̀ láago mẹ́ta òru tó fi di dandan láti jí dókítà. CNA, ìyẹn olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, ló ń wẹ àwọn arúgbó, tó ń yí wọn lórí bẹ́ẹ̀dì. LPN ló ń darí CNA.

Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà dá sí ọ̀rọ̀ yìí lọ́dún 1994, ẹjọ́ náà ì bá sì pa mí lẹ́rìn-ín bí kò bá dunni. Ilé ìtọ́jú arúgbó kan ní Urbana, Ohio, ló bá LPN mẹ́rin tó ráhùn wí, ọ̀rọ̀ dé iwájú ìjọba, ni ilé iṣẹ́ náà bá ní ọ̀gá ni wọ́n. Wọ́n ní láti aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, àwọn nọ́ọ̀sì wọ̀nyí ló ga jù nínú ilé, àwọn ló ń pín iṣẹ́ fún olùrànlọ́wọ́ tó tó 50. Adájọ́ márùn-ún fara mọ́ ilé iṣẹ́, mẹ́rin kọ̀. Òfin tó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ tó bá kóra jọ ráhùn kò sì kan ọ̀gá. Láti ìgbà náà, wọ́n ń wo iṣẹ́ tí kálukú ń ṣe gan-an kí wọ́n tó sọ bóyá ọ̀gá ni. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: nígbà tí wọ́n ráhùn, wọ́n di ọ̀gá, bó bá di ọ̀rọ̀ owó, wọ́n á di LPN lásán.

Owó ọ̀hún rèé. Bí a bá to gbogbo LPN lẹ́sẹẹsẹ láti orí ẹni tó ń gba kékeré jù, ẹni tó wà láàárín gbùngbùn ń gba $62,340 lọ́dún 2024, gẹ́gẹ́ bí ìṣirò ìjọba, ìyẹn bíi dọ́là 30 ní wákàtí kan. Ti RN jẹ́ $93,600. Bẹ́ẹ̀ ni ilé ìwòsàn kọ́ ló ń sanwó jù fún LPN; ilé ìtọ́jú arúgbó ló sábà ń san jù ú lọ.

Ofátáìmù ni wọ́n ti ń rẹ́ wọn jẹ jù. Agbanisíṣẹ́ kan á ní, "Nọ́ọ̀sì ni ẹ́, owó oṣù lò ń gbà, kò sí ofátáìmù." Irọ́ ni. Iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ti sọ pé LPN kì í sábà sí lára àwọn tí òfin yọ kúrò nínú ofátáìmù, bó ti wù kí ìrírí rẹ̀ pọ̀ tó. Ohun tó bá lé ní wákàtí 40 lọ́sẹ̀, ìlọ́po kan àtààbọ̀ ni. Ẹni tó ń gba dọ́là 30, tó ṣe wákàtí 50, owó rẹ̀ jẹ́ $1,650. Bí wọ́n bá san $1,500, wọ́n ti jẹ $150 mọ́ ọn lọ́wọ́. Òfin gba ilé ìwòsàn àti ilé ìtọ́jú arúgbó láàyè láti lo ìlànà mìíràn tí wọ́n bá jọ ṣàdéhùn rẹ̀ ṣáájú: ohun tó lé ní wákàtí 8 lójúmọ́, tàbí 80 láàárín ọjọ́ 14.

Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú oúnjẹ tí kọ̀ǹpútà ń yọ fúnra rẹ̀ tún wà ńbẹ̀. Wọn ò gbọ́dọ̀ yọ ọ́ àfi bí òṣìṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ iṣẹ́ pátápátá. Ẹni tó jẹ́ òun nìkan ni nọ́ọ̀sì nínú ilé, tí kọ́kọ́rọ́ oògùn wà lápò rẹ̀, tó ń jẹ ìrẹsì lẹ́bàá fóònù, báwo ló ṣe bọ́? Àwọn ẹ́jẹ́ǹsì kan tó ń fi nọ́ọ̀sì ránṣẹ́ sí ilé ìtọ́jú tún máa ń ní LPN kì í ṣe òṣìṣẹ́ àwọn, pé ẹni tó ń dá iṣẹ́ ara rẹ̀ ṣe ni, kí wọ́n má bàa san ofátáìmù. Ìjọba ti gbé irú wọn lọ sílé ẹjọ́.

Ẹni tí wọ́n bá jẹ lówó, kó kó ìwé owó ọ̀yà àti àkọsílẹ̀ wákàtí rẹ̀ pa mọ́. Ọdún méjì ni òfin ìjọba àpapọ̀ fi sílẹ̀ láti pe ẹjọ́, mẹ́ta bí agbanisíṣẹ́ bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é.