Ṣé Òpè Nìkan Ló Ń Ta Donk Bet Nínú Poker?

Ohun tí wọ́n máa ń kọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ta poker ni pé kó máa check (kó má ta owó kankan) fún ẹni tó fowó lé e kẹ́yìn. Bí ẹni tó kàn san owó náà bá wá ta owó ṣáájú ẹni tó fowó lé e lórí flop (káàdì mẹ́ta àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ọ̀tayò), wọ́n á ní donk bet ló ta, òpè ni.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 2019, Noam Brown àti Tuomas Sandholm gbé ìwádìí wọn jáde nínú ìwé ìròyìn Science lórí Pluribus, ètò kọ̀ǹpútà tó borí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ọ̀tayò nínú poker ẹlẹ́ni mẹ́fà. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé Pluribus ń ta donk bet ju àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n náà lọ dáadáa. Kì í sì í ṣe pé gbogbo àṣà àjèjì ló gbà wọlé o: ó fi limp (kí èèyàn kàn san owó ìbẹ̀rẹ̀ láìfowó lé e) sílẹ̀, àfi ní ipò small blind, ẹni tó ń fi owó dandan tó kéré sílẹ̀ kí wọ́n tó pín káàdì.

Flop ni kó o wò: ta ló gbè? Ká ní o wà ní big blind (ẹni tó ń fi owó dandan tó tóbi sílẹ̀), ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ fowó lé e, ìwọ nìkan lo san án. Flop wá jẹ́ 6-5-4. A-A, K-K, Q-Q àti A-K (ace, king àti queen, àwọn káàdì tó tóbi jù) ló pọ̀ lọ́wọ́ tiẹ̀. Ìwọ tí owó díẹ̀ mú wọlé lè ní 8-7 tàbí 7-3 tó ti di straight (káàdì márùn-ún tó tẹ̀ léra), tàbí 6-5 tàbí 5-4 tó ti di péà méjì (péà ni káàdì méjì tó jọra). Bó o bá check, ó lè check A-K tiẹ̀ náà, kó rí turn (káàdì kẹrin) lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n bí owó tó wà nílẹ̀ bá jẹ́ 90, tó o sì ta 30, ó ní láti san 30 kí gbogbo owó náà lè di 150, ìyẹn ni pé ó gbọ́dọ̀ borí ní ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún kó má bàa pàdánù. Káàdì 6 péré nínú 47 ló lè fún un ní péà lórí turn, nǹkan bí ìdá 13, kò tó 20 náà.

Lórí A-K-7, má dán an wò. Òun ló ní A-A, K-K àti A-K; ká ní ìwọ ló ní wọn ni, o ò bá ti tún fowó lé e ṣáájú flop.

Turn náà ní àyè tiẹ̀. Lórí K-7-4, o check, o sì san owó tó ta. Bí 4 mìíràn bá já, ìwọ tó o lè di 5-4 tàbí 6-4 mú ló gbè jù.

Ibi tó ti ń bàjẹ́ fún ọ̀pọ̀ ni pé péà tí kò lágbára nìkan ni wọ́n fi ń ta á, wọ́n á wá fi ọwọ́ ńlá check. Ọ̀tá á mọ̀ láìpẹ́, á máa fowó lé e, wọ́n á sì máa ju káàdì sílẹ̀.

Àwọn kan tún gbà pé ìta àjèjì ń pa owó torí pé ó ń da ọ̀tá lójú rú. Rárá. Bó o bá fi 200 halẹ̀ nígbà tí owó tó wà nílẹ̀ jẹ́ 100 ní river (káàdì karùn-ún, tó kẹ́yìn), ó gbọ́dọ̀ sá lẹ́ẹ̀mejì nínú mẹ́ta kó o tó gba owó rẹ padà. Ẹni tí kì í sá yóò san án ni, bó ti wù kí ìta náà ṣàjèjì tó.

Kó o tó ta donk bet, ka ọwọ́ mẹ́ta tí wàá ta báyìí gẹ́lẹ́: lórí 6-5-4, 8-7 tó ti di straight, A-6 tó jẹ́ péà, àti 9-7 tó ń wá 8 tàbí 3. Bí o kò bá rí èyí tó lágbára nínú mẹ́ta, check.